Àkànní, kọ́ọ̀sì tí o ní kò kàn ẹ́ yẹn

Àkànní, ọkọ mi,

Ìyá ẹ ni o. Aago mẹ́ta òru ti lù, bíréèkì ni mo wà, fóònù ni mo fi ń kọ ọ́ torí náà má wo àṣìtẹ̀ mi. Mo rí ohun tí o fi ránṣẹ́ lánàá, pé ẹ̀kọ́nọ́míìsì lo wá kà ní Austin, kí ló wá kàn ẹ́ kan kọ́ọ̀sì òkúta àti ilẹ̀ (jiọ́lọ́jì) àti ti ìjọba Texas, pé wọ́n kàn ń gbowó lọ́wọ́ yín ni. Mi ò pè ẹ́ torí mo mọ̀ ẹ́, tí n bá pè wàá máa ní "óké mọ́mì, óké mọ́mì" títí màá fi gbé fóònù sílẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀ ná. Kírẹ́díìtì 120 ni digírì ẹ. 42 nínú ẹ̀, òfin Texas ló ní kí gbogbo yunifásítì ìjọba mú ọmọ ṣe é, ìyẹn core tí ẹ̀ ń pè yẹn, kọ́ọ̀sì tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe, ohun yòówù kó wá kà: 6 fún ìtàn Amẹ́ríkà, 6 fún ètò ìjọba, 6 fún sáyẹ́ǹsì, 6 fún òyìnbó kíkọ àti sísọ, máàtì 3, iṣẹ́ ọnà 3, àtàwọn tó kù. Tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ kírẹ́díìtì mẹ́ta, kọ́ọ̀sì 14 nìyẹn. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Tóò, ìwọ tí o ní o kàn fẹ́ ṣe é kó lọ, ṣé o rí i pé ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí mo ń fi òru ṣiṣẹ́ san lo fẹ́ kó máa lọ yẹn?

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹ rí, bàbá ẹ nìkan ló mọ̀. Nígbà tí mo ń ka máíkróbáyọ́lọ́jì nílé ní Nàìjíríà, àwa náà ní irú ẹ̀, GST (General Studies) là ń pè é, yúnìtì méjì-méjì péré. Use of English, ẹni tí kò bá tíì dé họ́ọ̀lù laago mẹ́fà àárọ̀, ojú fèrèsé ló máa dúró sí, ẹ̀yìn orí èèyàn lo máa wò títí wọn á fi parí. Mo pa á tì. Mo féèlì ẹ̀ ní 100 level, mo ní màá ṣe é tó bá dọdún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀ náà tún di ọdún tó ń bọ̀, ìgbà tó fi máa di 400 level ó ti ń forí gbárí pẹ̀lú kọ́ọ̀sì dìpátímẹ́ǹtì mi, ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà. Orúkọ mi ò jáde pẹ̀lú àwọn tó ń lọ sìnrú ìlú. Màmá àgbà ti ra gààrí Ìjẹ̀bú, wọ́n ti dì í sínú ọ̀rá méjì pé màá gbé e lọ sí kámpù. Ilé la ti jẹ gààrí náà. Wọn ò bú mi o, wọ́n kàn ń bu gààrí yẹn síwájú mi lójoojúmọ́ ni, o mọ màmá àgbà, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Odindi ọdún kan, torí yúnìtì méjì!

Ìgbà tí mo wá dé Houston tí mo fẹ́ ṣe digírì nọ́ọ̀sì, wọ́n gba púpọ̀ nínú ohun tí mo ti kà nílé, àmọ́ ìtàn Amẹ́ríkà àti ìjọba Texas, bí mo fẹ́ bí mo kọ̀. Mo lọ jókòó sí community college, ilé ìwé gíga ọlọ́dún méjì, láàárín àwọn ọmọ ọdún 18, inú ń bí mi gan-an ni. Àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé 1876 ni wọ́n kọ òfin ìpìlẹ̀ tí Texas ń lò, pé àwọn tó kọ ọ́ ò fẹ́ kí agbára pọ̀ lọ́wọ́ gómìnà, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń dìbò yan attorney general, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, lọ́tọ̀, comptroller tó ń mójú tó owó ìpínlẹ̀ lọ́tọ̀, táwọn aṣòfin sì ń jókòó fún ọjọ́ 140 péré lọ́dún méjì-méjì, àfi tí gómìnà bá pè wọ́n padà. Ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí ìpínlẹ̀ yìí ò ti gba owó orí lórí owó oṣù wa, orí ilé wa ni káúńtì àtàwọn ilé ìwé ti ń rí tiwọn, àti pé tí iye tí wọ́n pe ilé ẹ bá pọ̀ jù, o lè bá wọn jà á kí May 15 tó kọjá.

Bàbá ẹ rèé, ọdún mẹ́rin ló fi ń san iyekíye tí wọ́n bá ṣáà kọ ránṣẹ́. Lọ́dún tí mo ṣe kọ́ọ̀sì yẹn mo kọ̀wé sí wọn, mo ya fọ́tò ògiri yàrá ẹ tó là láti orí fèrèsé dé òkè sílíìnì (o máa ń sọ pé ó jọ odò lórí máàpù), mo kó o lọ síwájú èèyàn mẹ́ta tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nídìí tábìlì. Ọkùnrin kan nínú wọn wò ó títí, ó ní ṣé ìgbà òjò ló máa ń là sí i àbí ìgbà ọ̀dá. Mi ò mọ̀. Wọ́n dín iye náà kù fún wa o, àmọ́ ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé amọ̀ ilẹ̀ Houston, tó bá mumi á wú, tí ọ̀dá bá dé á súnkì, á sì máa fa ilé ya. Kọ́ọ̀sì òkúta tí o ní kò kàn ẹ́ nìyẹn. Ògiri yàrá ẹ ló kàn.

Mo mọ̀ pé wàá ní Yunifásítì Brown ò fipá mú ọmọ ṣe irú core yìí. Òótọ́ ni, látọdún 1969 ni wọ́n ti jẹ́ káwọn ọmọ máa yan tiwọn. Ṣé Brown lo wà? Ní Yunifásítì Columbia ńkọ́, ibi tí core wọn ti wà látọdún 1919, wọ́n ṣì ń ní kí ọmọ lúwẹ̀ẹ́ kó tó gba digírì, ìwọ tó jẹ́ pé ṣáwà lo mọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kí o má tò wọ́n jọ de ọdún tó kẹ́yìn. Méjì nínú ẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ́nọ́míìsì ẹ ní sẹmẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, ó ti tó. Má tẹ̀ lé àwọn tó ń ní olùkọ́ báyìí-báyìí A ló ń pín, bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rántí nínú ẹ̀. Tó bá di sọ́mà o lè wá ṣe ìtàn tàbí gọ́fúménti ní community college nílé níbí, ó dínwó gan-an, àmọ́ kọ́kọ́ bi advisor ẹ, ẹni tó ń tọ́ yín sọ́nà lórí kọ́ọ̀sì, èwo ló bá tiyín dọ́gba, kí ó fi ímeèlì dá ẹ lóhùn, má gba ti ẹnu. Kírẹ́díìtì ẹ̀ máa tẹ̀ lé ẹ, grade ẹ̀ kì í sábà wọ GPA yín.

Ti èdè tí digírì BA ẹ ń béèrè yẹn, mo gbọ́ pé Spáníìṣì lo fẹ́ mú. Wọ́n ń kọ́ Yorùbá ní Austin níbẹ̀ o. Má sì rò pé wọ́n máa fún ẹ ní A torí orúkọ ẹ, àmì ohùn máa fojú ẹ rí nǹkan, èmi gan-an mo ṣì ń ṣì í. Àmọ́ tí màmá àgbà bá pè, wàá lè bá wọn sọ ju "ẹ káàárọ̀ mà" lọ.

Ọjọ́bọ̀ lẹ ó forúkọ sílẹ̀ àbí? Ya degree audit ẹ, ìwé tó ń fi kọ́ọ̀sì tí o ti ṣe àtèyí tó kù hàn, ránṣẹ́ sí mi kí n tó dé ilé láàárọ̀, èmi àti ẹ máa jọ wò ó lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀lì rúùmù 12 ti ń dún. Ata díndín ẹ wà nínú fríìsà, tí o bá ń bọ̀ ní wíkẹ́ǹdì mú kúlà dání, èyí tí o gbé lọ nígbà yẹn mi ò rí i mọ́.

Ìyá ẹ