Ẹ jẹ́ kí ará etí ọ̀sà ṣọ́ àbàtà wọn

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ìròyìn yín nípa àbàtà etí ọ̀sà tí ìjọba lè fà lé àwọn tó ń wa yanrìn lọ́wọ́. Lójú tèmi, àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ. Ẹ wo Bouche du Roy, ibi tí odò ti ń wọ òkun lẹ́bàá Grand-Popo ní Benin. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń gé igi inú omi níbẹ̀ fi se iyọ̀. Àwọn ará abúlé ló tún un gbìn, wọ́n ní kí Sàǹgbétò, eégún ọdẹ òru àwọn Ègùn, máa ṣọ́ ọ. Ta ló máa gbé àáké débẹ̀? Abẹ́ gbòǹgbò igi yẹn ni ọmọ ẹja ń sá sí, ẹja sì ni ẹyẹ omi ń bá wá.

Àwa náà ní Sàǹgbétò. Nírọ̀lẹ́, lékèélékèé ṣì ń wọ̀ sórí ìwọ̀nba igi tó kù lẹ́yìn ilé wa. Kí ìjọba pè wá kó tó fa àbàtà wa lé oníyanrìn lọ́wọ́.

Apẹja kan,
Àgbádárìgì