Ẹ Má Fi Orúkọ Ẹlẹ́rìí Pamọ́ fún Ẹni tó ń Jẹ́jọ́

Sí Olóòtú,

Inú ń bí mi sí bí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ṣe sọ ọ́ di àṣà láti máa bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n má dárúkọ ẹlẹ́rìí. Wọn á ní ẹ̀rù ń bà á, adájọ́ á gbà, ó di kí wọ́n máa pè é ní "Ẹlẹ́rìí Kìíní" láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, láìsọ fún ẹnikẹ́ni irú ewu tó ń bẹ. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò lè gbèjà ara rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀!

Bí mo bá mọ ẹni tó ní òun rí mi, mo lè fi han ilé ẹjọ́ pé ó jẹ mí lówó, tàbí pé ìjà ti wà láàárín wa tipẹ́. Bí orúkọ náà bá sì jáde ní gbangba, ẹlòmíràn tí èmi àti agbẹjọ́rò mi kò mọ̀ rí lè gbọ́, kí ó wá jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ òun ni ẹlẹ́rìí yẹn wà lọ́jọ́ tí ó ní òun rí mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà: ó ṣòro láti purọ́ mọ́ni níwájú àwọn tó mọ̀ ọ́.

Ní ọdún 1603, nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Sir Walter Raleigh ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú Lord Cobham, ẹni tó fẹ̀sùn náà kàn án, wá kí ó sọ ọ́ lójú òun. Wọ́n kọ̀, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Raleigh tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó fẹ̀sùn kan òun. Àwọn tí mò ń sọ yìí kò mọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ náà sọ pé ìgbẹ́jọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n dá lẹ́bi ìpànìyàn kò bá ẹ̀tọ́ mu, nítorí pé wọ́n fi orúkọ àti ojú àwọn ẹlẹ́rìí tó tọ́ka sí i pamọ́, wọ́n sì yí ohùn wọn padà. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí yóò fi di oṣù keje, ìjọba ti ṣe òfin tó fàyè gba irú ìfipamọ́ bẹ́ẹ̀.

N kò sọ pé ẹ̀rù àwọn ẹlẹ́rìí kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n fífi orúkọ pamọ́ fún ìwé ìròyìn, bí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń ṣe fún àwọn ọmọdé àti àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, yàtọ̀ pátápátá sí fífi í pamọ́ fún olùjẹ́jọ́, àwọn aláṣẹ wa sì ń pa méjèèjì pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi orúkọ pamọ́ fún olùjẹ́jọ́, kí ó búra, kí ó sọ ẹni tó halẹ̀, ìgbà tó halẹ̀ àti ohun tó sọ. Kí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ fèsì. Kí adájọ́ kọ ìdí tó fi gbà sílẹ̀, kí ó sì tún un yẹ̀ wò kí ìdájọ́ tó wáyé. Kí ilé ẹjọ́ má sì ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí olùjẹ́jọ́ kò mọ̀ nìkan.

Kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tó bá halẹ̀ mọ́ ẹlẹ́rìí. Kí àwọn ọlọ́pàá sì sọ fún ẹlẹ́rìí, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, pé orúkọ rẹ̀ yóò jáde ní kóòtù, dípò kí wọ́n máa ṣèlérí ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan