Ẹ yẹ àwọn òṣìṣẹ́ òru wò kí wọ́n tó relé

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan lórí èdè wa. Nínú ìwé ìròyìn yín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìyá kan kọ lẹ́tà pé kí àwa obìnrin yéé fi owó sínú kọ́mú, pé òun ló ń fa jẹjẹrẹ ọyàn. Ọdún 33 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, bóyá ni ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá ọlọ́jà bi mí tó èyí. Owó dọ̀tí, ó lè mú kí ara máa yúnni, àmọ́ kì í fa jẹjẹrẹ. Mi ò bínú sí ìyá náà, nítorí ẹ̀rù tó ń bà á ló ń ba gbogbo wa. Ohun tó mú mi gbé bírò ni pé ohun mìíràn wà tí àwọn onímọ̀ ti ń yẹ̀ wò gidigidi nípa jẹjẹrẹ ọyàn láti ọdún pípẹ́, tí mi ò sì tíì rí i kí ẹnikẹ́ni kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Iṣẹ́ òru ni.

Náìtì ni àwa nọ́ọ̀sì ń pè é. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́ jù, òru méje léraléra là ń ṣe, láti aago mẹ́jọ alẹ́ di aago mẹ́jọ àárọ̀, kí ọ́ọ̀fù tó kàn wá. Bí wọ́n bá ti lẹ rósítà mọ́ ògiri, gbogbo wa á rọ́ lọ síbẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó ń wo èsì ìdánwò. Bí iná bá wà, iná gbọọrọ orí wọ́ọ̀dù á máa tàn sí wa lójú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì la fi ń wá iṣan lọ́wọ́ ọmọdé tí a fẹ́ fa omi sí lára. Bí mo bá délé láàárọ̀, mo máa ń ta ìró dúdú bo fèrèsé kí n lè sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò kì í mọ̀ pé ẹnì kan ń ti náìtì bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ wà ní wọ́ọ̀dù kan náà fún ọdún mọ́kànlá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Òun fẹ́ràn náìtì, ó ní ó ń jẹ́ kí òun ráyè tọ́jú ọmọ lójúmọmọ, kí òun sì tún ta aṣọ díẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ ọdún 46 ni nígbà tó ń wẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan ní ọyàn òsì. Kò tóbi ju èkùrọ́ lọ, kò sì dùn ún. Obìnrin yìí kan náà ló máa ń kọ́ àwọn aláboyún bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ yẹ ọyàn wọn wò. Oṣù mẹ́jọ ló fi pa á mọ́ra.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru kan tí wọ́ọ̀dù pa rọ́rọ́, ó sọ fún mi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lọ sí kílíníìkì, nígbà tí kílíníìkì náà wà lẹ́yìn ilé tí a jókòó sí. Ó ní, “Ìgbà wo ni kí n lọ? Dókítà kì í dé kó tó di aago mẹ́wàá. Mo ti wà lórí ìdúró láti àná. Màá ní kí n lọ sùn díẹ̀ ná, tí n bá fi máa jí, wọ́n ti tì í.”

Olóòtú, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí láìmọye ìgbà. Kò parọ́ fún mi. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, ẹ̀rù pé wọ́n á gé ọyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òru ló fún ẹ̀rù náà níbi tó sá pamọ́ sí. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo fà á lọ́wọ́ lọ. Jẹjẹrẹ ni, ó sì ti dé abẹ́ apá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló fi wá sílẹ̀. Nígbà tó wà lórí ibùsùn, ó bi mí pé, “Ṣé náìtì ló fà á?” Mi ò lè dá a lóhùn.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo wá ráyè ka ohun tí àwọn onímọ̀ sọ. Ní ọdún 2007, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà nílùú Lyon nílẹ̀ Faransé, fi irú iṣẹ́ òru tó ń da aago ara rú, ìyẹn ohun tí ara fi ń mọ ìgbà oorun àti ìgbà jíjí, sí ìpele tí wọ́n ń pè ní 2A. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó jọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì kún. Nígbà tí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò ní 2019, wọn kò yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Ìpele yẹn náà ni wọ́n fi ẹran pupa sí. Bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó ni ìpele náà ń sọ, kì í sọ bí ewu ṣe tóbi tó.

Ohun tí wọ́n fura sí ni pé nínú ọpọlọ wa, ibì kan wà tí kò tóbi ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ. Bí òkùnkùn bá ti ṣú, á máa tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, tí ara fi ń mọ̀ pé alẹ́ ti lẹ́. Bí iná bá ń tàn sí wa lójú, èròjà náà á lọ sílẹ̀. Lára ẹranko tí wọ́n fi ṣàyẹ̀wò, melatonin yìí máa ń dènà kókó jẹjẹrẹ kó má tètè dàgbà.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọpa àwọn nọ́ọ̀sì tó lé ní 78,000. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ni pé àwọn tó fi ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe náìtì, ó kéré tán òru mẹ́ta lóṣù, ewu wọn fi ìdá 36 nínú 100 ju ti àwọn tí kò ṣe é rí lọ. Kì í ṣe pé 36 nínú 100 obìnrin ló ní in. Bí obìnrin mẹ́wàá bá ní in láàárín àwọn tí kò ṣe náìtì, láàárín iye kan náà tó ṣe é pẹ́ bẹ́ẹ̀, bíi mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá ni. Ní 2016, ìwádìí mìíràn láti ilẹ̀ Bìrìtéènì, tí wọ́n ti pa èsì ìwádìí mẹ́wàá pọ̀, tí iye obìnrin inú gbogbo rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù kan lọ, kò rí àfikún ewu kankan. Àwọn tí kò gba èsì yìí sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ti dàgbà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti fi iṣẹ́ òru sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn náà wà. Dẹ́nmáàkì kò dúró dè é: láti 2008 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó gbà-má-bínú fún bí ogójì obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, tí wọ́n ti fi ohun tó lé lógún ọdún ṣiṣẹ́ òru, tí kò sì sí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí wọn.

Nílé wa ńkọ́? Abala 55 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé kí wọ́n má fi obìnrin ṣiṣẹ́ òru nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí oko ńlá, àmọ́ ó yọ àwa nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fòfin lé obìnrin kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru. Aboyún kì í dúró di ojúmọ́ kó tó rọbí. Àwọn ìyá tó ń po ìyẹ̀fùn búrẹ́dì lóru ńkọ́, àti àwọn tó ń jí jáde ní aago méjì òru lọ ra tòmátì ní Máìlì 12? Òfin náà kò tilẹ̀ rí wọn.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó nǹkan. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ilé ìwòsàn yéé kó òru méje lé obìnrin lórí. Àwọn onímọ̀ ní Dẹ́nmáàkì dá a lábàá pé kó má ju mẹ́ta lọ léraléra. Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kan wà ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù péré, tí yóò máa yẹ ọyàn àwọn tó ń bọ́ lẹ́nu náìtì wò kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sílé, títí kan àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò gbówó lórí rárá. Ní ọdún 2020 nìkan, àjọ Lyon tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣírò rẹ̀ pé obìnrin tó lé ní 28,000 ni jẹjẹrẹ ọyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, tí ó sì pa ohun tó lé ní 14,000. Ọ̀pọ̀ wa kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà àfi ìgbà tó bá ti dé abẹ́ apá. Bóyá náìtì ń fa jẹjẹrẹ tàbí kò fà á, ó dájú pé ó ń gba àsìkò tí kílíníìkì ń ṣí lọ́wọ́ ẹni.

Ọmọ mi obìnrin ti di nọ́ọ̀sì báyìí. Ọmọ ọdún 38 ni, ó sì wà ní náìtì lọ́sẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó bá parí, èmi ni màá lọ jí àwọn ọmọ rẹ̀, màá wẹ̀ fún wọn, màá mú wọn lọ síléèwé, kí òun lè jókòó sí kílíníìkì títí dókítà á fi dé.

Èmi ni tiyín,
Mátírọ́nì tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo.