Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Ìbílẹ̀: Ẹ Fún Wa Níṣẹ́ Tí A Ó Fi Kọ́ Ọmọ

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wa,

A kí yín o. Àwa ẹgbẹ́ káfíńtà tó ń fi ayùn ọwọ́, rándà tí a fi ń fá igi, àti òòlù ṣiṣẹ́ la kọ ìwé yìí. Kì í ṣe owó la wá tọrọ. Iṣẹ́ la fẹ́, irú iṣẹ́ tí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ yóò jọ dúró tì.

A ò bá ẹ̀rọ jà. Púpọ̀ nínú wa ló ní in ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé àwọn ọ̀gá tó mọ irinṣẹ́ pọ́n ti ń darúgbó, àwọn ọmọ tó ń kọ́ ọ kò sì tó nǹkan. Ẹni tí kò lè pọ́n ẹnu rándà kò lè lo rándà. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ dagun ní nǹkan bíi dígíríì 25 sí 30, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ọ̀pọ̀ ayùn ọwọ́ tí wọ́n ń tà báyìí, iná ni wọ́n fi sọ eyín rẹ̀ di líle débi tí fáìlì tí a fi ń pọ́n ayùn kò ràn án. Bó bá ti kújú, ó di ohun àdànù. Ọmọ tó bá fi irú ayùn bẹ́ẹ̀ kọ́ṣẹ́, níbo ni yóò ti mọ̀ pé eyín tó ń la igi lóòró yàtọ̀ sí èyí tó ń gé e níbùú?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsopọ̀ tí kò lo ìṣó. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn igi la sábà máa ń fún ahọ́n igi tó ń wọ inú ihò igi kejì. Ìyẹn ṣeé kọ sínú ìwé. Bó ṣe yẹ kó fún tó, tí kò fi ní la ihò náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá lèèyàn ti ń kọ́ ọ.

Ní Jàpáánì, ogún ọdún sí ogún ọdún ni wọ́n ń tún ojúbọ onígi tó wà ní ìlú Ise kọ́. Ti 2013 ló kẹ́yìn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ nígbà kan lè di ọ̀gá nígbà tó kàn. Ní Paris, lẹ́yìn tí iná jó òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ní 2019, àáké ni àwọn káfíńtà fi gbẹ́ igi òrùlé tuntun. Ká ní kò sẹ́ni tó ṣì mọ̀ ọ́n ni ńkọ́?

Nítorí náà, bí ìlẹ̀kùn, fèrèsé tàbí òrùlé onígi ilé ìjọba bá bàjẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré yọ ọ́ dànù. Ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn sọ pé ẹni tó bá gba àtúnṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ọmọ iṣẹ́ dání, kí ẹ sì fi ọjọ́ kún un. Èyí ló ká wa lára jù, torí níbi tí wọ́n bá ti ń lé ọ̀gá léré, kò ní ráyè kọ́ ẹnikẹ́ni.

A tún ń bẹ̀bẹ̀ fún yàrá kan tó ṣófo, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ dáadáa. Irinṣẹ́ yóò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Igi tí ẹ bá sì gé lẹ́bàá títì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sun ún. Ẹ gbé e fún wa, ká là á, ká tò ó síbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gbẹ ẹ́. Pákó tó nípọn ní íǹṣì kan lè gbà tó ọdún kan, ìdí rèé tí a fi fẹ́ tètè gbọ́ èsì yín.

Ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá dá la ó wá bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀, tàwa ti irinṣẹ́ wa.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́