Nítorí Owó Alájẹṣẹ́kù

Bonn, Jámánì
Ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ìyá wa. Ara mi le. Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mọ̀ pé oṣù kẹta rèé tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ń yọ gbèsè lára owó oṣù yín láìrí kọ́bọ̀ láti ọ̀dọ̀ mi. Lọ́dún 2023 tí Jámánì ní àfi kí 11,208 yúrò wà ní àkáǹtì kí n tó gba físà, ẹ̀yin lẹ wọ gbèsè nítorí mi. N kò gbàgbé. Mo fi 100 yúrò ránṣẹ́ lánàá. Kò tó nǹkan, mo mọ̀.

Ẹ béèrè ìdí tí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí. N kò ṣàdédé kúrò. Ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ kò lè parí àfi tí mo bá fi oṣù mẹ́fà ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó òfin àyíká àti ojú ọjọ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ilé ẹ̀kọ́ sọ di dandan, kò sí lábẹ́ òfin tó ní kí owó wákàtí kan má dín ní 12.82 yúrò lọ́dún 2025 yìí. 600 yúrò ni wọ́n ń fún mi lóṣù: 410 fún ilé, nǹkan bí 140 fún ìdójútòfò ìlera. Ohun tó kù kò tó jẹun, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. N kò jayé kankan níbí. Ṣé ìyá wa ló ní mo ti gbàgbé ilé, àbí ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu?

Ẹ tún ní ṣé oòrùn àti òjò ni mo wá kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi bí odò Ògùnpa ṣe kún, tó gbé ẹrù ìsọ̀ bàbá wa lọ lọ́dún 1980? Owó ìrànwọ́ fún àwọn tí irú àjálù bẹ́ẹ̀ bá bá, tí àwọn ìjọba fọwọ́ sí ní Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì lọ́dún 2022, wà lára ohun tí à ń tọ pinpin. Ìpàdé àwọn ìjọba lórí ojú ọjọ́ tó parí níbí ní Ọjọ́bọ̀ fi nǹkan bí ọjọ́ méjì jiyàn lórí ohun tí wọn yóò jíròrò kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀. Èmi jókòó sẹ́yìn, mo ń da àwọn ọ̀rọ̀ inú àkámọ́ kọ, torí ọ̀rọ̀ tó bá ṣì wà nínú àkámọ́ kò tíì di àdéhùn. Ní Paris lọ́dún 2015, díẹ̀ ló kù kí àdéhùn ojú ọjọ́ fọ́ nítorí pé “gbọ́dọ̀” wà níbi tí Amẹ́ríkà fẹ́ kí “ó yẹ” wà, nínú gbólóhùn kan tó kan àwọn orílẹ̀-èdè olówó. Wọ́n yí i padà kí wọ́n tó lu òòlù láti fọwọ́ sí àdéhùn náà.

Ẹ kọ ọ́ sí mi pé ó yẹ kí n rántí gbèsè. Mo mọ̀ pé “gbọ́dọ̀” lẹ ní lọ́kàn. Iṣẹ́ yìí yóò parí ní oṣù kẹsàn-án. Láti oṣù kẹwàá, 250 yúrò ni n ó máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ìyẹn kò sí nínú àkámọ́.

Ṣé 100 yúrò náà ti wọlé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún ìyá wa lálẹ́ òní, kí n fẹnu ara mi bá wọn sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Àbúrò yín