Kí Ẹ Tó Ra Aṣọ Ẹbí

Ẹ kú ọjọ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí oṣù Kejìlá, àti ẹ̀yin òbí wọn, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lọ́sẹ̀ yìí.

Mi ò tíì gbàgbé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá bá mi nílé. Ìgbéyàwó ku ọ̀túnla. Màlúù ti wà lórí ìso ní Ìkẹ́rẹ́, ẹbí ti ń bọ̀ láti Èkó. Mo ní kí wọ́n fún mi ní Fọ́ọ̀mù C, ìwé ẹ̀rí tí rejísírà ìjọba ń fúnni kí ìgbéyàwó tó wáyé. Ọmọbìnrin náà wojú mi, ó ní: "Bàbá, ṣé ìkéde ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n ṣe fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ò tó ni?" Kò tó. Ti ìjọ nìyẹn, ti ìjọba ọ̀tọ̀. Òfin kò fún mi láyè láti so yín pọ̀ láìrí ìwé yẹn. A sún ìgbéyàwó náà síwájú. Ìyá ọkọ sunkún títí ìborùn rẹ̀ fi rin.

Rejísírì ìjọba ìbílẹ̀ tí ìgbéyàwó yóò ti wáyé ni kí ẹ lọ. Ọ̀kan nínú yín á fọwọ́ sí Fọ́ọ̀mù A, ìwé tí ẹ fi ń sọ fún ìjọba pé ẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, rejísírà á sì lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 21, kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ lè sọ ọ́. Bóásì náà, kó tó mú Rúùtù wọlé, ẹnubodè ìlú ló kọ́kọ́ lọ, ó pe àgbà mẹ́wàá jókòó. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó búra pé kò sí ìbátan tó lè dí yín lọ́wọ́, àti pé kò sí ẹlòmíràn tí ẹ fẹ́ nílànà ìbílẹ̀, kí rejísírà tó fún yín ní Fọ́ọ̀mù C. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tó ti san owó orí obìnrin kan, tí ìyẹn ṣì jẹ́ aya rẹ̀, kò lè bá ẹlòmíràn ṣe alárédè. Ẹ má wá fi ẹnu purọ́ níwájú pẹpẹ.

Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 á gba ìwé àṣẹ bàbá rẹ̀.

Ẹ má sì yá jù. Oṣù mẹ́ta péré ni ẹ ní láti ṣe ìgbéyàwó náà, láti ọjọ́ tí ẹ fi Fọ́ọ̀mù A sílẹ̀. Ẹni tó lọ ní oṣù Kẹjọ nítorí oṣù Kejìlá á tún un bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹwàá dára.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì á wà ní ṣíṣí, ẹlẹ́rìí méjì á dúró, a ó sì ti parí kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Mo wà ní ọ́fíìsì ìjọ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ẹ wá kí a jọ ka ọjọ́ yín lórí kàlẹ́ńdà.