Lẹ́tà sí Mọ́rẹ́nikẹ́ lórí bọ́ọ̀dù fídíò tó ń ṣe

Àsẹ̀rò,
Abẹ́òkúta.

Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti wo àwòrán bọ́ọ̀dù tí o fi ránṣẹ́, orí mi sì wú. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má tíì fi lẹ́ẹ̀dì lẹ FPGA náà, ṣíìpù tí a lè tún inú rẹ̀ tò bí a ṣe fẹ́, mọ́ ọn. Ibi tí iná ń gbà wọlé ni kí o kọ́kọ́ parí, kí o fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ṣọ́ọ̀tì wà níbẹ̀ kí o tó tan án, kí o sì rí i pé fólítì 3.3 tí àwọn ẹsẹ̀ ṣíìpù ń lò àti fólítì 1.2 tí inú rẹ̀ ń lò pé pérépéré. Power bank ni kí o fi dán an wò, má ṣe lo jẹnẹrétọ̀, nítorí iná tó ń lọ sókè sódò ló bá èyí tó pọ̀ jù jẹ́ nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń gbé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní ti àwọ̀, fólítì 0.7 péré ni mónítọ̀ VGA (irú ìsopọ̀ àtijọ́ tó ń gbé àwòrán lọ sí mónítọ̀) ń retí lórí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, bẹ́ẹ̀ fólítì 3.3 ni ẹsẹ̀ FPGA ń tì jáde. Fi rẹsísítọ̀ 270 ohm sí ojú ọ̀nà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun àti rẹsísítọ̀ 75 ohm tó wà nínú mónítọ̀ yóò pín fólítì náà títí yóò fi wà ní ìwọ̀n tí a ń fẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti fara balẹ̀ jù lọ ni kíkà àkókò. Píksẹ́lì 640, ìyẹn àwọn ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ló ń hàn lórí ìlà kan, ṣùgbọ́n 800 ni wàá kà; ìlà 480 ló ń hàn, 525 ni wàá kà, nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní gbogbo àkókò tí kò hàn yẹn, àwọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní òdo pátápátá, torí pé ibẹ̀ ni mónítọ̀ ti ń wọn ohun tí yóò pè ní dúdú. Bí àwọ̀ díẹ̀ bá jò wọ ibẹ̀, gbogbo àwòrán ni yóò ṣókùnkùn, wàá sì máa wá ẹ̀ṣẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹsísítọ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Má fi fọ́tò bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Fa ìlà funfun tó fẹ̀ ní píksẹ́lì kan yí etí ojú mónítọ̀ ká. Ẹ̀gbẹ́ tí o kò bá rí ni kíkà rẹ ti yẹ̀.

Bí o bá ti wọn iná náà, kọ nọ́ńbà tí mítà fi hàn ránṣẹ́ sí mi kí o tó fọwọ́ kan ṣíìpù.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.